Ọ́fíìsì Tó Wà Lẹ́yìn Ọrùn Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá lóru àná fún yín kí ó tó gbẹ mọ́ mi lójú. Àlá tèmi kì í pẹ́ gbẹ. Bí mo bá fi lè bu omi bọ́jú báyìí, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n èyí kò lọ. Mo ti bọ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbí mọ̀ pé làpálàpá kan wà lẹ́yìn ọrùn mi. Ó ti tó oṣù kan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Nígbà tó yá, ó tó ìdérí ìgò, ó sì wá di róbótó bí ẹnu ife. Etí rẹ̀ pọ́n, ó le, ó ń ràn. Àárín rẹ̀ ń dán bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni etí náà ti ń gòkè bọ̀ nísàlẹ̀ irun mi. Màámi wò ó lọ́jọ́rùú, wọ́n ní bó bá fi lè wọ irun, àwọn yóò fá orí mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn kò fẹ́ gbọ́ àròyé. Òní ni Àbámẹ́ta.

Ẹ mọ ohun tí fífá orí jẹ́ nílé wa. Obìnrin tó bá ti kúrò lọ́mọdé nínú ìdílé tiwa kì í fá orí àfi bí ọkọ rẹ̀ bá kú. Ìyá tó bí bàbá mi fá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó sórí ẹní. Èmi kò tí ì ní ọkọ. Kò tí ì sí ọkùnrin kan tó pè mí lẹ́yìn pé kí n dúró. Bí mo bá gbé orí fífá jáde, gbogbo àdúgbò ni yóò máa bi mí pé ta ló kú, kí ni mo wá fẹ́ sọ?

Nọ́ọ̀sì ti fún mi ní ìpara funfun kan. Ó ní kí n máa fi pa á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n má sì fi ọṣẹ eléérú fọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní awọ ara èèyàn máa ń kan díẹ̀ bí omi ọsàn, kíkan yẹn wà lára ohun tó ń dáàbò bò ó, eérú ló sì ń pa á. Mo pa ìpara náà fún ọjọ́ méjì. Kò ta mí rárá. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, àbúrò Màámi tó ń gbé pẹ̀lú wa, wá ní òògùn tí kò bá ta èèyàn, oorun ló ń sùn. Wọ́n po eérú èèpo kòkó mọ́ ọṣẹ dúdú, wọ́n fi kànìnkànìn bó mi lọ́rùn. Mo fò sókè. Wọ́n ní, ṣé o rí i, ó ń bá a jà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bó o láràárọ̀, láti ọjọ́ náà náà ló sì ti ń yára ràn.

Nírọ̀lẹ́ àná, mo bá Màámi sẹ́ ògì. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò fọ ọwọ́. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo ń ka ìwé ìtàn tí mo yá lọ́wọ́ Tíṣà Ọláìyá, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Ó ku ojú ìwé kan péré kí n parí rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀yìn ọrùn, mo ní kí n kàn dijú díẹ̀.

Nínú àlá náà, ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n kò sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ rí bí omi ògì tó ti tòrò. Màámi rán mi pé kí n lọ mú abẹ wá. Wọ́n ní abẹ ilé wa ti ríṣẹ́ ìjọba, kò wá sílé mọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, kí n lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní ó dáa. Kò ṣe mí ní kàyéfì pé abẹ ríṣẹ́. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé kò sọ fún wa.

Mo mú ọ̀nà pọ̀n. Ọ̀nà náà kò yà síbì kan, ó kàn ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí etí àwo. Gbogbo ilé wà ní apá òde. Wọ́n fún mọ́ra wọn, wọ́n pọ́n, gbogbo ilẹ̀kùn wọn ló kọjú síta. Ní apá inú, kò sí ilé kankan. Ilẹ̀ lásán ni, ó ń dán, ó mọ́ bí àwo tí wọ́n ti lá. Láàárín rẹ̀ lọ́hùn-ún, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sórí rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ìyá arúgbó kan ń gbálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Ó kí mi pé, ẹ kú eérú o. Mo dá a lóhùn pé, ẹ ṣé, mà. Mo bi í léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́lé sí àárín, nígbà tí òde há tó báyìí.

"A ti jẹ ibẹ̀ tán," ni ó wí, ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. "A kì í gbé ibi tí a bá ti jẹ. Iwájú là ń lọ. Ẹ ò rí igbó yẹn ni? Òní là ń wọ̀ ọ́."

Mo wo ibi tó nawọ́ sí. Igbó kan dúró lókè ibẹ̀, ó dúdú, ó dákẹ́. Àwọn igi rẹ̀ kò ní ewé, wọn kò ní ẹ̀ka. Wọ́n to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn ń tẹ̀ lọ sí òkè kan náà. Mo mọ igbó náà. Ṣùkú tí Àǹtí Abọ́sẹ̀dé dì fún mi lọ́jọ́ Ajé ni.

Ìgbà náà ni ẹ̀yìn ọrùn mi yún mi. Mo gbé ọwọ́ láti họ ọ́, ojú ọ̀run sì ṣú. Èékánná ńlá márùn-ún yọ láti inú ìkùukùu, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí òrùlé ilé ìjọsìn, wọ́n ń wọ́ ilẹ̀ bọ̀. Àwọn ará ìlú di òpó ilé wọn mú, wọn kò kánjú. Ìyá arúgbó náà di ìgbálẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà. Mo yára sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ojú ọ̀run là. Mo bẹ̀bẹ̀ pé n kò mọ̀ pé èmi ni.

"Kò sí ìjà," ni ó wí. "Èékánná yẹn ló ń gbé àwọn ọmọ wa dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé."

Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń yin ọkọ̀ tó dára. Iṣẹ́ Màámi wà lọ́rùn mi, mo bá ń lọ.

Ọ́fíìsì náà kò kan ilẹ̀. Ó léfòó sókè ní nǹkan bí ìdúró èèyàn kan, wọ́n fi fọ́nrán irun kan ṣoṣo so ó mọ́ kùkùté. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbà mí bí ràkúnmí, ó sì tún dìde. Nínú rẹ̀, ìwé ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Wọ́n ti gbogbo wọn pa. Bí mo ṣe ń kọjá, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń mí.

Akọ̀wé kan tó fi pẹ́ńsùlù há irun bi mí pé kí ni mo ń wò. Mo ní n kò rí ìwé tó pọ̀ tó báyìí rí, pé èmi a máa yá ìwé kà ni. Ó ní èyí kì í ṣe nǹkan. Ó ní ilé kọ̀ọ̀kan nílùú náà, títí kan ilé ìyá tó ń gbálẹ̀ yẹn, ló ní gbogbo ìwé wọ̀nyí ní pípé, kò sí èyí tó dín.

"Níní ìwé kọ́ ni iṣẹ́," ni akọ̀wé náà wí. "Ṣíṣí rẹ̀ ni iṣẹ́."

Mo bi í pé ta ló ń sọ èyí tí wọn yóò ṣí. Ó ní ẹni méjì ni: afẹ́fẹ́ àti ìkòkò. Ó fi obìnrin kan hàn mí lójú fèrèsé, tó yọ ahọ́n síta, tó dijú. Iṣẹ́ obìnrin yẹn ni kí ó máa tọ́ afẹ́fẹ́ wò. Bó bá kan, yóò ní ó kan, wọn yóò ṣí ìwé kan. Bí kò bá kan mọ́, yóò ní kò kan, wọn yóò ti èyí, wọn yóò ṣí òmíràn. Ti ìkòkò ńkọ́? Akọ̀wé ṣí ìkòkò ńlá kan tó wà nídìí tábìlì rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní nígbà tí adùn wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó rántí irun. Ó ní ta ló máa ní oyin nílé tí yóò máa jẹ igi?

Lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ẹnu ọ̀nà tóóró kan. Ẹnu ọ̀nà náà tóóró bí àlàfo eyín. Ọkùnrin náà wọ agbádá tó tóbi jù, ó kún bẹ́ǹṣì, ó kún ilẹ̀, ó gun ara ògiri. Orúkọ rẹ̀ ni Alàgbà Láṣebìkan. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, kí n má tẹ aṣọ òun mọ́lẹ̀.

"Ọmọ mi, èmi nìkan ló lè ṣí ìwé tó wà nínú yàrá yìí," ni ó wí. "Ìwé ìjẹ-irun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbádá yìí kì í jẹ́ kí n gba ẹnu ọ̀nà. Ní gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń kan, ibi ni mo máa ń jókòó sí, mo sì máa ń sùn. N kò rojọ́. Oorun dára."

Mo wá rí i pé apá ọ̀tún agbádá náà kò sí mọ́. Wọ́n ti gé e dé èjìká. Apá òsì nìkan ló kù, èyí náà sì ti ń já létí. Mo bi í pé ta ló gé e. Kí ó tó dáhùn, nǹkan kan rẹ́rìn-ín lára ìṣó lókè orí mi. Àlùmọ́gàjí kan ló wà níbẹ̀. Mo wò ó dáadáa, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni abẹ ilé wa, èyí tó ti dógùn-ún létí. Wọ́n ti fi abẹ mìíràn dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́.

"Àríkẹ́," ni ó wí, "Màámi rán ọ wá pè mí, àbí? Sọ fún wọn pé mo ti gbéyàwó."

Mo ní ó yẹ kó sọ fún ilé kó tó gbéyàwó. Ó ní kò sí àyè, láti ìgbà tí wọ́n ti ń bó ọrùn mi ni iṣẹ́ ti pọ̀. Láràárọ̀ tí eérú bá ti dà wọ̀lú, obìnrin tó ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò á ní kò kan mọ́, òun á sì gé díẹ̀ lára aṣọ Alàgbà. Apá kan péré ló kù. Mo bi í pé ilé ta ni abẹ kejì ti wá.

"Ilé ọkọ rẹ," ni ó wí.

N kò tí ì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tán nígbà tí Alága ọ́fíìsì náà jáde láti inú yàrá tirẹ̀. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó wọ fìlà, irùngbọ̀n rẹ̀ kúrú. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè mi. Mo ní n kò kọ ìwé ìbéèrè kankan. Ó ṣí fáìlì, ó fi hàn mí. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni lóòótọ́, eérú ni mo fi kọ ọ́. Ohun tí mo kọ ni pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣí ìwé ìjẹ-irun fún mi kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣú. Mo tiẹ̀ fi ọṣẹ lu òǹtẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo ní bí irun mi bá lọ, wọ́n á fá orí mi. Ó ní òun mọ̀, pé wọ́n ti ka àṣà ìdílé wa, wọn kò sì fẹ́ kí ojú tì mí.

"Orí fífá gbọ́dọ̀ ní òkú tirẹ̀," ni Alága wí. "A ti wá ọkọ kan fún ọ. Òun ló jókòó láàárín lọ́hùn-ún. Ó ń ka ìwé kan, ó ku ojú ìwé kan kó parí rẹ̀. Bí ìwé tirẹ̀ bá parí, tí ìwé tiwa bá ṣí, yóò ṣubú, ohun gbogbo yóò sì bá ara mu."

Mo bojú wo fèrèsé. Ọkùnrin orí àga náà ṣì kọ ẹ̀yìn sí wa. Bíírò kan wà létí rẹ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé tí mo yá lọ́wọ́ Tíṣà Ọláìyá. Mo bi Alága pé ṣé ọkùnrin náà mọ̀. Alága ní rárá, pé ìwé náà dùn mọ́ ọn, wọn kò fẹ́ dí i lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́, n kò mọ ọkùnrin yẹn. N kò rí ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú àlá yẹn, ó dùn mí bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gé igi tó ń ṣíji bò ó lọ́nà oko. Mo rò ó pé irun mi á tún hù. Òun ńkọ́?

Agogo kan lù. Akọ̀wé ní àsìkò oúnjẹ ti tó, gbogbo wọn sì wo inú ìkòkò òfìfo náà. Irùngbọ̀n Alága bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Etí rẹ̀ wó sílẹ̀ lábẹ́ fìlà. Ó di òbúkọ níbi tó dúró sí, fáìlì ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Akọ̀wé di ewúrẹ́, pẹ́ńsùlù ṣì wà ní orí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà di ewúrẹ́, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ, wọ́n ń fi pátákò lu òǹtẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan ń jẹ kàlẹ́ńdà, ó ti jẹ ẹ́ dé oṣù Òkúdù. Mo kí Alága bí mo ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú, ebi ni," ni ó wí. "Ebi ló máa ń jẹ́ ká rántí irun."

Mo tọwọ́ bọ àpò, mo bá ṣúgà onígun kan níbẹ̀. Mo jù ú sínú ìkòkò. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ewúrẹ́ náà tún di èèyàn. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n jókòó. Nínú yàrá tóóró náà, mo gbọ́ tí ìwé kan yí padà sùn. Inú mi dùn. Mo ní bó bá jẹ́ ṣúgà ni, n ó lọ gbé odindi páálí wá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wo yíká, Alága ti di méjì. Akọ̀wé ti di méjì, pẹ́ńsùlù ti di méjì. Obìnrin ojú fèrèsé ti di méjì, wọ́n jọ yọ ahọ́n síta. Ọ́fíìsì náà gbọ̀n, ó fẹ̀ sí i, fọ́nrán irun tí wọ́n fi so ó ń dún kíríkírí.

"Ẹ ṣeun," ni Alága méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà. "Bí ẹ bá bọ́ wa, a ó pọ̀. Bí ẹ kò bá bọ́ wa, a ó jẹ ilé."

Mo ní ó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ṣúgà náà yọ́ tán nínú ìkòkò, irùngbọ̀n wọn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, méjì-méjì lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn obìnrin ojú fèrèsé ní, kò kan mọ́. Àlùmọ́gàjí sọ̀ kalẹ̀ láti ara ìṣó, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn bọ̀ létí bẹ́ǹṣì, tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́. Ó gé apá òsì agbádá náà. Aṣọ náà já bọ́ sílẹ̀ bí ẹyẹ tó rẹ̀. Alàgbà Láṣebìkan dìde. N kò mọ̀ pé èèyàn tín-ínrín ni. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà náà, èjìká rẹ̀ kan ti wọlé.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

Ó dúró. Kì í ṣe nítorí ẹ̀bẹ̀. Ó gbé ọwọ́ mi sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, oorun sì ń kùn ún díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí pé ta ló bí mi. Mo ní ọmọ ológì ni mí, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje ni mo ti ń bá Màámi sẹ́ ògì. Mo wo ọwọ́ mi. Omidùn, omi kíkan orí ògì, ń kán láti ìka mi, ó ń kán sórí bẹ́ǹṣì, kò dáwọ́ dúró. Mo na ọwọ́ náà sínú ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn, omi náà sì ń ṣàn lọ sínú yàrá, ó ń ṣàn gba abẹ́ tábìlì, ó ń ṣàn gba ojú fèrèsé.

Àwọn obìnrin tó ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó kan."

Agbádá Alàgbà tún hù, bí irun ṣe ń hù. Apá ọ̀tún hù, apá òsì hù, ó wú jáde ní ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé e jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti ń hanrun. Àlùmọ́gàjí náà sùn nílẹ̀, ó tú sí méjì, abẹ ilé wa lọ́tọ̀, abẹ ilé kejì lọ́tọ̀. Mo ṣa méjèèjì, mo wé wọn sínú bébà.

Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, mo gbọ́ ìró kan nísàlẹ̀ pẹpẹ. Ìwé kékeré kan ń ṣí ara rẹ̀ níbẹ̀, ojú ìwé kan lẹ́yìn èkejì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo bi akọ̀wé pé kí nìyẹn.

"Ìwé ìgbà kíkan ni," ni ó wí. "Kò sí ojú ọjọ́ tí kò ní ìwé tirẹ̀ níbí. Èyí kàn ń rọra jẹ lọ ni."

Mo bọ́ sílẹ̀ kúrò nínú ọ́fíìsì náà. Mo sáré gba orí ilẹ̀ dídán náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin orí àga. Ẹsẹ̀ mi kò dún. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn ni mo ń rí i pé ojú ìwé tó kẹ́yìn ló fẹ́ ṣí, ó ti ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó jọ̀wọ́, kó má tíì kà á.

Kò yíjú. Ó ní, "Ṣé o ti kà á tán, ìwọ?"

Mo ní rárá, ojú ìwé kan ló kù fún èmi náà.

"Jẹ́ ká jọ kà á nígbà náà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n má tíì wo ojú mi."

Ó gbé ojú ìwé náà sókè. Ìmọ́lẹ̀ tó dà bí omi ògì gba inú rẹ̀ kọjá. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, mo sì tẹ̀ síwájú láti kà á. Ibẹ̀ ni Màámi ti pè mí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Màámi dúró lórí mi, wọ́n gbé omi sínú abọ́, abẹ sì wà lọ́wọ́ wọn nínú bébà. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti po eérú sílẹ̀. Mo tẹ orí ba. Màámi gbé irun mi sókè, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó. Wọ́n fi ìka wọn wọ̀n ọ́n.

"Kò tí ì wọ̀ ọ́," ni wọ́n wí. "Ibi tí mo bá a lánàá náà ló wà." Wọ́n wá fa imú. "Kí ló ń kan lọ́rùn rẹ báyìí?"

Mo ní ọwọ́ mi ni, n kò fọ̀ ọ́ lánàá, mo sì fi ti ọrùn sùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wé abẹ náà padà, wọ́n ní kí n lọ wá ìpara nọ́ọ̀sì níbi tí mo jù ú sí, kí n máa pa á bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n máa pa á. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ní, ṣé ìpara tó ń sùn yẹn? Màámi ní, jẹ́ kó máa sùn lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó ń sùn kì í jẹ irun ẹni. Wọ́n sì da eérú náà nù.

Mo bojú wẹ̀yìn wá ìwé mi. Òbúkọ ilé kejì ló ti wọlé, ó dúró sórí ẹní mi, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán lójú mi, ó rọra jẹ ẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ sí nǹkan. Díẹ̀ ló kù kí n kí i. N kò mọ ohun tí mo máa sọ fún Tíṣà Ọláìyá. Síbẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín mi, ọkàn mi balẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Màámi ké sí mi láti ẹ̀yìnkùlé pé oníbàárà kan wà níta, kí n dá a lóhùn. Mo jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ògì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo òbúkọ tó ń sá jáde. Bíírò wà létí rẹ̀. Lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, róbótó kan wà níbẹ̀, ó pọ́n létí, ó ń dán láàárín, etí rẹ̀ ti kan irun. Wọ́n ti fi eérú bó o, eérú náà ṣì funfun lára rẹ̀.

Ó ní òun kò ra ògì. Ó ní àwọn ará ilé òun fẹ́ fá orí òun lónìí, ẹnì kan ló ní kí òun kọ́kọ́ wá tọrọ omidùn wò.

Mo bu ú sínú abọ́ fún un, ó kún dé etí. Mo gbé e sórí ògiri kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó má baà nílò láti yíjú.

"Ẹ má fi eérú sí i mọ́," ni mo wí. "Ẹ sì lọ rí nọ́ọ̀sì. Ìpara rẹ̀ kì í ta èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dúpẹ́. Mo gbọ́ tó gbé abọ́ náà. Mo tẹjú mọ́ inú ìkòkò ògì, mo ń wo omi tó ti tòrò, n kò gbé ojú sókè títí ó fi kọjá ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo ń ka ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń rìn lọ. Kò ṣubú.